Fọ́ọ̀mù Abẹ́ Ife Tíì

Ọjọ́ Ẹtì ni owó gbọ́dọ̀ pé, bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù wí.
Ó ti wà lábẹ́ ife tíì láti ọjọ́ Ajé,
ìdí ife ti tẹ òrùka pupa sára orúkọ ẹgbẹ́:
Àwọn Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Arìnrìn-àjò, Òṣogbo.

Ọkọ̀ mẹ́jọ ni yóò tò bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ
láti Òkè-Fìà dé Jẹ́bà, dé etí Odò Ọya.
Ọ̀gá Ọ̀ṣúngbèmí ni yóò ṣáájú, fèrè lọ́rùn,
fèrè tó fi pe ọmọ iléèwé wọ kíláàsì fún ọgbọ̀n ọdún.
Aago méje, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.
Aago méjìlá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìtọ̀.
Aago mẹ́wàá alẹ́, kí iná kú.
Mo ní, "Sàfúrá, ṣé ìgbafẹ́ nìyí àbí ìdánwò?"

Kò dáhùn. Ẹ̀wà ló ń ṣà.

Tèmi wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé,
bọ́ọ̀sì tí iléèwé kan tà ní gbàǹjo nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já.
Èmi àti Lámídì mẹkáníìkì la yọ àga inú rẹ̀,
a kan bẹ́ẹ̀dì onípákó, a so kọ́tìnnì,
a wá àyè fún sítóòfù, fún kẹ́ẹ̀gì omi méjì,
àti fún báfù kan tí n kò ní sọ ohun tó wà fún.
Fèrèsé kan ṣoṣo ni kò gbọ́ràn:
bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, a máa gbọ̀n gbàgà-gbàgà
bí eyín arúgbó nínú ọyẹ́.

Mo fẹ́ dúró ní Òkukù nítorí pé ó wù mí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fẹ́ ra ànàmọ́ ní Ọ̀fà, kí n sè é lẹ́bàá ọ̀nà,
kí n jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo, kí ẹnikẹ́ni má fun fèrè.
Mo fẹ́ ṣìnà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè
fún àwọn tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Sàfúrá gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀.
"Àdáṣe ní í hun ọmọ," ó ní, "àjọṣe kì í hun ọmọ.
Lọ́jọ́sí tí táyà bẹ́ lẹ́yìn Bódè-Sàádù,
ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin, èmi, àti ẹ̀fọn.
Ẹ ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
ìmọ́lẹ̀ ń jó lórí ewé bí ẹni pé ènìyàn ń bọ̀.
Bí àyà bá tún fún yín pinpin lóru,
ṣé ànàmọ́ ni n ó pè?"

Eegun wà nínú ọ̀rọ̀ náà; kò ṣeé gbé mì.
Mo lọ nu bọ́ọ̀sì tí kò dọ̀tí.
Mo ro ti nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ti ọlọ́pàá méjì,
ti Alàgbà Oyèwùsì tí yóò máa tún ìtàn iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sọ
láti Ìkìrun títí dé Ìlọrin.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, mo mú bírò.
Fọ́ọ̀mù kò sí lábẹ́ ife.
Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìnkùlé. Sàfúrá ló yí kọ́kọ́rọ́,
ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí.
Mo dúró de gbàgà-gbàgà. Kò dún.
Ó ti ká fọ́ọ̀mù náà ní ìká mẹ́jọ,
ó fi há fèrèsé.
Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló fà ya, ibi tí nọ́ńbà nọ́ọ̀sì wà,
ó ta á ní kókó sí etí ìró.
"Àwọn náà ń gbéra lọ́la. Ọ̀nà kan náà ni.
Ẹ má sún mọ́ wọn jù. Ẹ má sì jìnnà."

Ní ìdájí, a kọjá stéṣọ̀n; n kò wo ojú ibi tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.
Kùrukùru ṣì bo ọ̀nà Ìkìrun,
iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mẹ́jọ ń pọ́n lókèèrè,
ni Sàfúrá bá gbá mi lórúnkún:
"Ẹ yí padà. Mo gbàgbé iyọ̀."

Mo yí padà.
Kò sẹ́ni tó fun fèrè.